Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè

Nínú ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, bí ìyá ọlọ́mọ bá fẹ́ fi ẹyin sẹ́nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó, àgbà kan á ti ké láti ẹ̀yìn pé, “Má fún un o, á di olè!” Ti ẹran náà kò yàtọ̀. Bàbá á jẹ èyí tó tóbi, ìyá á mú tiẹ̀, ọmọ ọdún méjì á sì máa fi ìka lá ọbẹ̀ tó kù nínú àwo. Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kò kórìíra ọmọ. Èrò wọn ni pé adùn ẹyin á mọ́ ọn lẹ́nu, tó bá sì di ọjọ́ tí owó ò sí, ọwọ́ rẹ̀ á bọ ìkòkò, láti ibẹ̀ á bọ àpò ẹlòmíràn. Láyé ìgbà tí adìyẹ mélòó kan péré ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí ẹyin jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kí adìyẹ lè sàba lé e, èèyàn lè rí ìdí tí wọ́n fi ń dáàbò bò ó. Àmọ́ kò sí ohun kankan nínú ẹyin tó ń kọ́ ọmọ lólè. Purotéènì, ọ̀rá, fítámì A àti fítámì B12 ló wà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n fi du àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń jìyà ọ̀rọ̀ náà.

Purotéènì ni ara fi ń ṣe iṣan, awọ, irun, ẹ̀jẹ̀ àti àwọn ohun ìjà tó ń bá àrùn jà. Bí a bá jẹ ẹ́, inú á tú u sí wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní amino acid. Mẹ́sàn-án wà nínú wọn tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀, àfi ká jẹ wọ́n. Bí ọ̀kan péré nínú wọn bá kéré, ibi tí ọ̀kan yẹn bá tó ni iṣẹ́ máa dúró, ara á sì sun èyí tó ṣẹ́kù bí ẹni sun igi. Kò tún sí àká nínú ara tí a lè kó purotéènì pamọ́ sí bí a ṣe ń kó ọ̀rá pamọ́, nítorí náà ẹran àjẹyó ọdún Iléyá kò lè gbọ́ bùkátà oṣù tó tẹ̀ lé e. Ojoojúmọ́ ni ọmọ nílò rẹ̀.

Èyí tó nílò ò sì pọ̀ tó bí àwọn òbí ṣe ń rò. Ọmọ oṣù 7 sí 12 nílò nǹkan bíi gíráàmù 11 lójúmọ́, tí ọmú ìyá wà lára rẹ̀. Ọmọ ọdún 1 sí 3 nílò gíráàmù 13, ọmọ ọdún 4 sí 8 nílò 19. Ẹyin kan ní gíráàmù 6. Ẹ̀wà sísè tó wọn gíráàmù 100 ní bíi 8. Ṣíbí ńlá kan edé gbígbẹ tí a lọ̀ ní bíi 3. Ẹyin kan àti ẹ̀wà díẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ ọdún méjì fún ọjọ́ kan.

Ògì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Àgbàdo fúnra rẹ̀ ní purotéènì díẹ̀, bíi gíráàmù 9 nínú 100, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rẹ ẹ́, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, ojú àgbàdo, níbi tí purotéènì rẹ̀ tó dára jù wà, á bá eèrí lọ. Ewúrẹ́ ló ń jẹ ìyẹn. Omi tí a ń dà nù lórí ògì náà ń kó díẹ̀ lọ. Ohun tó kù, tí a wá fi omi púpọ̀ là, kò sábà ju gíráàmù 2 lọ nínú ife kan. Àgbàdo kò sì ní amino acid kan tí wọ́n ń pè ní lysine tó. Ikùn ọmọ kéré. Ife ògì ṣíṣàn méjì ti kún un, á yó, á sùn, àwọn òbí á sì gbà pé ó jẹun.

Wọ́n á ní àwọn ń fún un ní omi ẹran, pé inú rẹ̀ ni gbogbo agbára ẹran wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná máa ń mú kí purotéènì inú ẹran dì, kí ó sì dúró sínú ẹran náà gan-an, bí funfun ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná. Iyọ̀, ọ̀rá àti adùn ló ń jáde sínú omi. Purotéènì tó bá jáde láti ara awọ àti egungun, tó ń mú omi náà yi bó bá tutù, kò ní tryptophan, ọ̀kan nínú amino acid mẹ́sàn-án yẹn. Ohun kan náà ni ti pọ̀nmọ́: kì í ṣe pé kò ní nǹkan kan nínú, ṣùgbọ́n kò lè dá gbé ọmọ dàgbà. Ẹ gún ẹran náà kúnná, tàbí kí ẹ fi ọbẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ ọmọ.

Bí owó ẹran ò bá sí, ẹ̀wà wà. Lysine tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní in dáadáa. Methionine tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo ní in. Nítorí náà ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ àti àkàrà, kì í ṣe oúnjẹ tálákà rárá. Ohun tó kù ni pé kí mọ́ínmọ́ín yẹn dé ọwọ́ ọmọ, kí ó má jẹ́ ẹ̀kọ nìkan. Ẹ lè fi sóyà kún ògì láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì ṣe fi ògì onísóyà lélẹ̀. Ẹ lè lo kóńgò àgbàdo mẹ́ta sí kóńgò sóyà kan. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ se sóyà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tó di pé ẹ bó o, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ mọ́ àgbàdo tí a ti rẹ. Sóyà tútù ní ohun kan tó ń dí inú lọ́wọ́ láti tú purotéènì. Iná ló ń pa á. Bó bá jẹ́ ẹ̀pà lẹ fẹ́ lọ̀ sí i, ẹ ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ da èyí tó bu nù, torí oró tó wà lára èébu yẹn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kì í sì í pa á tán. Ẹ má fún ọmọ kékeré ní ẹ̀pà odidi. Ó lè há a lọ́fun.

Ní ti ẹyin fúnra rẹ̀, láti oṣù mẹ́fà ni. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 10 sí 12 lẹ́yìn tí omi bá ti hó, títí pupa inú rẹ̀ á fi le. Àárọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, nígbà tí ara rẹ̀ yá: ṣíbí kékeré kan tí ẹ ti tẹ̀ mọ́ ọmú ìyá tàbí ògì. Kí ẹ máa wò ó fún wákàtí méjì. Bí ara rẹ̀ bá lé, tí ètè rẹ̀ wú, tàbí tó ń bì léraléra, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀. Bí kò bá lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa jẹ odidi. Ẹ má yọ funfun rẹ̀ sọnù bí àwọn kan ṣe ń ṣe, torí ó ju ìdajì purotéènì ẹyin lọ tó wà níbẹ̀. Ẹyin tútù tí wọ́n ń pò mọ́ mílíìkì fún “ẹ̀jẹ̀” kò ṣe ọmọ lóore: kòkòrò salmonella lè wà nínú rẹ̀, purotéènì rẹ̀ kò sì rọrùn fún inú láti lò. Nínú ìwádìí kan ní Belgium lọ́dún 1998, bíi 51% ni ara rí lò nínú purotéènì ẹyin tútù, ti ẹyin sísè jẹ́ bíi 91%.

Ẹyin kì í ṣe idán o. Ìwádìí kan ní Ecuador, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017, fún àwọn ọmọ oṣù 6 sí 9 ní ẹyin kan lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, àwọn tó kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ sì fi 47% dín kù sí ti àwọn tí wọn kò fún. Nígbà tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Màláwì, gíga àwọn ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹja adágún ti wà nínú oúnjẹ púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀. Ohun tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ibi tí ọmọ kò bá ti rí ẹja, ẹran tàbí mílíìkì jẹ ni ẹyin ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ọmọ tó ń mu ògì lásán nìyẹn, òun gan-an ni wọ́n sì ń fi ẹyin dù.

Ní ti olè, ẹ̀kọ́ ilé ló ń kápá rẹ̀. Ọmọ tí a bu ẹran tiẹ̀ sí àwo, tó mọ̀ pé ìpín òun nìyí, kò nídìí láti dúró de ìgbà tí ilé bá sùn.

Èyí tó yẹ kó bani lẹ́rù ni àrùn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní kwashiorkor. Lọ́dún 1933, Dókítà Cicely Williams kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, nípa àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí wọ́n sì ń fi oúnjẹ àgbàdo nìkan bọ́. Títí dòní, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí gbogbo ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà lára rẹ̀. Ojú ọmọ á wú, irun rẹ̀ á pọ́n, á máa já, awọ rẹ̀ á máa bó. Àwọn ará ilé lè rò pé ọmọ náà ń sanra. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, láàárín ọrùn ẹsẹ̀ sí ọmọ ìka, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò sì tètè padà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 tí yíyípo òkè apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5.

Ẹ má ṣe sọ pé ẹ fẹ́ fi ẹyin mẹ́rin dí àlàfo nílé. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ tó ti dé ipò yìí kò lè gbé purotéènì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mílíìkì ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní F-75, tí purotéènì inú rẹ̀ kò tó gíráàmù 1 nínú mílílítà 100, ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ fún ọmọ tó bá ṣòro fún láti jẹun, díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru. Ìgbà tí wíwú ẹsẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, tí ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oúnjẹ, ni wọ́n tó ń gbé e dé orí oúnjẹ tó lágbára.