Hardwick Hall: ilé tí wíńdò pọ̀ ju ògiri lọ, kí ló gbé e ró?

Àwọn ará Ìngílándì ní gíláàsì Hardwick Hall ju ògiri ẹ̀ lọ, téèyàn bá sì dúró níta tó wò ó, wọn ò parọ́. Lórí òkè kan ní Derbyshire ló wà. Bess of Hardwick, obìnrin olówó tó fẹ́ ọkọ mẹ́rin tó sì sin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló kọ́ ọ láàárín 1590 sí 1597, Robert Smythson ló ya plan ẹ̀. Nígbà yẹn gíláàsì wọ́n bí ojú, ẹni tó bá kó o sílé ń fọ́nnu ni. Màmá yìí tiẹ̀ tún ní kí wọ́n fi òkúta gbẹ́ ES, lẹ́tà orúkọ oyè ẹ̀, Elizabeth Shrewsbury, sórí àwọn tówà tó wà lórí ilé, kẹ́nikẹ́ni má baà béèrè pé ta ló nilé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilé olókùúta ayé ìgbà yẹn ò ní irin tàbí kọnkéré nínú, ògiri ló ń ru gbogbo ẹ̀, wíńdò tí wọ́n bá sì ṣí sára ògiri, wọ́n ti dín agbára ẹ̀ kù nìyẹn. Tí ihò èéfín bá tún wá gba inú ògiri ìta yẹn kan náà kọjá, kí ló kù tó máa ru òrùlé? Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó ọ̀pọ̀ ihò èéfín wọnú àwọn ògiri àárín ilé, kí ògiri ìta lè ráyè fún wíńdò. Ọgbọ́n gidi nìyẹn lójú tèmi, torí ooru tí ògiri àárín bá gbà, inú ilé náà ló máa tú u sí.

Béèyàn ṣe ń gòkè ni síílìn ń ga sí i tí wíńdò náà ń tóbi sí i. Ipò ló fà á. Ìsàlẹ̀ wà fún kíṣìnnì àtàwọn ọmọ ọ̀dọ̀, àárín ni Bess ń gbé, òkè pátápátá wà fún àlejò pàtàkì, wọ́n á sì ti gun àtẹ̀gùn òkúta gígùn kan kí wọ́n tó débẹ̀. Òkè yẹn náà ni Long Gallery, gbọ̀ngàn gígùn kan, wà, ó gùn tó nǹkan bíi mítà 50.

Àmọ́ òtútù ń bẹ níbẹ̀ o! Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi tapestry, aṣọ ńlá tí wọ́n hun àwòrán sí, bo ògiri. 13 nínú ẹ̀ ń sọ ìtàn Gídíónì inú Bíbélì, òkìríkà ni Bess sì rà á ní 1592, ó tiẹ̀ ní kí wọ́n yọ £5 kúrò nínú owó ẹ̀ torí pé ó ṣì máa bo àmì ìdílé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí wíńdò wọ̀nyẹn ń gbà wọlé ló wá ń pa àwọ̀ aṣọ náà. National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, tó gba ilé yìí ní 1959 lo ọdún 24 kí wọ́n tó tún gbogbo 13 ṣe tán ní 2023. Wọn ò sì lè ní kí wọ́n dí wíńdò kankan pa, torí Grade I ni ilé náà, ìpele tó ga jù nínú àwọn ilé tí ìjọba kọ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí padà láìgba àṣẹ, nítorí náà wọ́n kàn ń fa bùláìǹdì bo gíláàsì olówó ńlá yẹn ni.