Ọ̀pá iná ìkìlọ̀ LED àfọwọ́ṣe

Ọ̀pá iná ìkìlọ̀ LED àfọwọ́ṣe ni ọ̀pá gbọọrọ tí a to iná LED sí lára, tí a ń gbé sórí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ iṣẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lè tètè rí i, tó sì jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, kò rà á lọ́jà. Microcontroller, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú ṣíìpù kan ṣoṣo, ló ń pàṣẹ ìgbà tí iná kọ̀ọ̀kan yóò tàn àti ìgbà tí yóò kú. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é nílé ni aláwọ̀ ọsàn, irú èyí tó máa ń wà lórí ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ tó bàjẹ́ àti ti àwọn tó ń tún títì ṣe. Pátákó Arduino Uno, tí microcontroller kan ti wà lórí rẹ̀, ni wọ́n sì sábà máa ń lò fún un.

Kí LED tó gbòde, gílóòbù kan ló máa ń wà nínú irú iná bẹ́ẹ̀, tí mọ́tò kékeré kan á máa yí dígí po o. Gílóòbù a máa fa bátìrì gan-an, mọ́tò náà a sì máa gbó. Láti 1962 ni Nick Holonyak ti ṣe LED pupa ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ LED tó di ohun tí èèyàn lè rí lọ́sàn-án gangan. Arduino ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ivrea ní Ítálì ní 2005, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà. Uno jáde ní 2010.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni ẹsẹ̀ ṣíìpù, ìyẹn àwọn irin tín-ín-rín tí iná ń gbà wọlé jáde lára rẹ̀. ATmega328P, ìyẹn ṣíìpù tó wà lórí Uno, kò gbọdọ̀ gbé ju mílíáńpíà 40 (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) lọ lórí ẹsẹ̀ kan, 20 ló sì dára kí èèyàn fi mọ. LED oníwáàtì kan nìkan ń fẹ́ nǹkan bíi 350. Nítorí náà, ọ̀gá ni microcontroller, àṣẹ ló ń pa. Ó gbọ́dọ̀ ní alábàárù tí yóò gbé ẹrù fún un. Tiransísítọ̀ MOSFET, tó ń ṣí ọ̀nà fún iná tó sì ń tì í, ni alábàárù yẹn. Irú rẹ̀ kan, IRLZ44N, ṣí dáadáa bí fóltì 5 bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. IRFZ44N, tó jọ ọ́ bí ìbejì lórí àtẹ, fóltì 10 ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá rí 5 péré, ó lè má ṣí tán, á wá máa gbóná. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì yẹ kí èèyàn kà á dáadáa kó tó sanwó.

Ohun kejì ni pé bátìrì ọkọ̀ kì í dúró sórí fóltì 12. Ká ní LED aláwọ̀ ọsàn kéékèèké mẹ́ta wà lórí ìlà kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba fóltì 2. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba 6, ó ku 6. Rẹ̀sísítọ̀ (ohun tó ń dín iná tó ń kọjá kù) tó jẹ́ óòmù 300 yóò jẹ́ kí mílíáńpíà 20 kọjá, ìṣirò náà sì pé lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, fóltì lè gùn dé 14.4, mílíáńpíà á sì di 28. Óòmù 470 ló sàn: nǹkan bíi 18 ni yóò kọjá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, 13 nígbà tó bá kú. Uno fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ju 12 lọ lẹ́nu ibi tó ti ń gba iná, torí náà ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ fóltì kalẹ̀ sí 5 ni wọ́n ń fi sáàárín. Fíùsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kì í ṣe nítòsí ọ̀pá. Wáyà tó bá bó lójú ọ̀nà ni fíùsì wà fún.

Nínú ètò tí a kọ sí ṣíìpù, àṣẹ delay(), tó ń ní kí ṣíìpù dúró fún ìgbà díẹ̀, ló rọrùn jù, ṣùgbọ́n bí ṣíìpù bá ti wà nínú rẹ̀, kò ní mọ̀ pé awakọ̀ tẹ bọ́tìnì. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà máa ń lo millis(), tó ń ka àkókò láìdá iṣẹ́ mìíràn dúró. Àpẹẹrẹ kan rèé: apá òsì á tàn fún mílísẹ́kọ́ńdì 60 (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan), á kú fún 60, á tún tàn fún 60, bó bá di 250, apá ọ̀tún á ṣe bákan náà, bó bá di 500, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òfin 65 ti UNECE, ìyẹn àjọ ètò ọrọ̀ ajé Yúróòpù lábẹ́ UN, fi ìwọ̀n yìí sáàárín 2 sí 4. Iná tó bá ń ṣẹ́jú kíákíá ju bẹ́ẹ̀ lọ lè gbé wárápá dìde lára ẹni tí ìmọ́lẹ̀ máa ń dà láàmú.

Alumíníọ̀mù ni wọ́n sábà fi ń ṣe egungun ọ̀pá náà nítorí pé ó ń gba ooru LED jáde, wọ́n á sì fi gọ́ọ̀mù silikónì dí ojú ibi tí wáyà ti wọlé kí òjò má bàa wọ̀ ọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin iná ọkọ̀ ti 1989 kò gba ọkọ̀ lásán láyè láti gbé iná ìkìlọ̀ aláwọ̀ búlúù. Ti àwọn ọlọ́pàá, panápaná, àmbúláǹsì àti irú wọn ni. Ní Nàìjíríà, àwọn ọlọ́pàá àti FRSC máa ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń lo sírénì àti irú iná yìí láìgbàṣẹ. Àfọwọ́ṣe kò sì ní àmì E tí wọ́n ń fún iná tó bá yege ìdánwò Òfin 65, nítorí náà inú oko, ọgbà ilé iṣẹ́ àti ibi ìkọ́lé ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́.