Kí ni F1 tí wọ́n ń kọ sára irúgbìn ata?

Ẹni tó bá lọ ra irúgbìn ata ńlá tí kì í ta, èyí tí àwọn ènìyàn ń gé sínú ìrẹsì díndín, yóò rí i pé lára ọ̀pọ̀ agolo àti ọ̀rá irúgbìn náà ni wọ́n ti kọ F1 tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí kò ní àmì yìí, bíi California Wonder, owó wọn sì máa ń kéré sí ti alámì. Àwọn kan gbà pé irúgbìn tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ni F1, àwọn mìíràn sì ní ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba kóró rẹ̀ jẹ́ kí ó má baà hù mọ́. Irọ́ ni méjèèjì. Ohun tí F1 ń sọ ni pé ata náà jẹ́ ìran kìíní tí òbí méjì tó yàtọ̀ síra bí.

Òdòdó ata ní akọ àti abo nínú ara kan náà, nítorí náà ìyẹ̀fun akọ rẹ̀ lè bọ́ sórí abo rẹ̀ láìsí pé kòkòrò kankan bá a gbé e. Bí àgbẹ̀ bá ń jẹ́ kí ata kan máa gba ìyẹ̀fun ara rẹ̀ láti ìran dé ìran, tí ó sì ń yan èyí tó wù ú, ó máa dé ibi tí gbogbo ọmọ rẹ̀ yóò jọra délẹ̀. Irú ìran tó ti dúró báyìí méjì ni ẹni tó fẹ́ ṣe F1 yóò mú. Ọ̀kan lè máa so èso tí ara rẹ̀ nípọn, kí èkejì sì jẹ́ èyí tí àrùn mòsáíìkì kì í tètè mú. Kí òdòdó ìyá tó là, òṣìṣẹ́ yóò fi ẹ̀mú tín-ín-rín ṣí i, yóò yọ àwọn akọ inú rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó tú ìyẹ̀fun, lẹ́yìn náà ni yóò fi ìyẹ̀fun ti bàbá kan orí abo tó kù. Òdòdó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Kí ẹni tó ń ráhùn pé kóró wọ́nyí wọ́n ju èyí tí kì í ṣe F1 lọ rántí iṣẹ́ yìí.

Nítorí pé ìyá dúró lórí ọ̀nà kan, bàbá náà sì dúró, ohun kan náà ni gbogbo ọmọ jogún, wọ́n a sì ga bákan náà, wọ́n a so ní àsìkò kan náà. Ẹni tó ń gbin ata sínú ilé ewéko, tó fi okùn so igi kọ̀ọ̀kan mọ́ òkè, nílò ìjọra yìí púpọ̀. Ẹni tó ní igi mẹ́fà ní ẹ̀yìnkùlé kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, lójú tèmi.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá yọ kóró inú ata F1 láti tún un gbìn. Yóò hù dáadáa, ṣùgbọ́n ogún ìyá àti ti bàbá ti tú ká, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì mú èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́: òmíràn á so gígùn, òmíràn á so róbótó, òmíràn kò ní lè kojú àrùn mọ́. Gregor Mendel, onímọ̀ tó ṣèwádìí bí ọmọ ṣe ń jogún ìwà òbí, ti rí irú ìtúká yìí lára ẹ̀wà píìsì ní ìlú Brno, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1866.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù lára ata ni títa rẹ̀. Inú awọ funfun tí kóró so mọ́ ni oje títa ti ń wá, jíìnì kan, ìyẹn ogún tí òbí ń fi sílẹ̀ fún ọmọ nínú ara, ló sì ń pàṣẹ pé kí ó wá. Ata tí kì í ta jogún èyí tí kò ṣiṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá. Bí oyin bá gbé ìyẹ̀fun ṣọ̀ǹbọ̀ wá sórí òdòdó rẹ̀, èso tó máa so kò ní ta rárá, nítorí ara ìyá ni èso àti awọ funfun náà. Kóró nìkan ló jẹ́ ọmọ. Nígbà tí a bá gbin kóró yẹn ni gbogbo rẹ̀ yóò ta, nítorí jíìnì kan tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá ti tó, tí onílé yóò sì máa di ẹ̀bi ru ajílẹ̀. Bí àwọn yẹn bá tún gba ìyẹ̀fun ara wọn, nínú ọmọ mẹ́rin, nǹkan bíi mẹ́ta ni yóò ta.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ tọ́jú kóró kí ó gbin èyí tí kì í ṣe F1, kí ó fi àpò nẹ́ẹ̀tì tó fúyẹ́ bo òdòdó kí ó tó là, kí ó máa rọra mì í, kí ó sì so òwú mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tó bá ti di èso kékeré, kí ó lè dá a mọ̀. Kí ó jẹ́ kí ó pọ́n délẹ̀ kí ó tó já a, nítorí kóró inú ata tí kò tíì pọ́n kì í sábà gbó tán. Abẹ́ òjìji ni kí ó ti sá kóró náà, títí yóò fi máa kán dípò kí ó tẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù lè fi kóró F1 pàápàá bẹ̀rẹ̀: kí ó gbin púpọ̀, kí ó yan èyí tó wù ú, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, títí di nǹkan bí ìran mẹ́fà sí mẹ́jọ tí wọ́n á tó máa jọra.