Má fi ìwọ̀n sónẹ́ẹ̀tì wọn ewì Yorùbá

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ewì rẹ̀ wá kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ogún ìlà ni, "mi" ló sì parí gbogbo wọn: bàtà mi, ilé mi, omi. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún bákan náà, ẹ̀gbọ́n?" Mo gbọ́. Ìyẹn gan-an ló sú mi.

Kò jẹ̀bi o. Sónẹ́ẹ̀tì Shakespeare, irú ewì Gẹ̀ẹ́sì kan, ni wọ́n fi kọ́ ọ: ìlà 14, sílébù 10 nínú ìlà kan, òpin ìlà kìíní bá ti ìkẹta mu, ìkejì bá ìkẹrin, títí dé ìlà méjì ìkẹyìn tó bá ara wọn mu. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì, torí kọ́ńsónáǹtì ló ń parí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Fáwẹ̀lì ló ń parí tiwa, méje péré sì ni àìránmúpè inú wọn, àwọn tí a kì í gba imú pè. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó parí sí "i" lọ́jà Yorùbá. Ta ni ohun ọ̀fẹ́ ń yà lẹ́nu?

Ohùn ọ̀rọ̀, bó ṣe ń lọ sókè sódò, lèmi máa ń kọ́kọ́ wá. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ òwe yìí:

Òjò ń rọ̀,
Orò ń ké.

Ẹ kùn ún: dò dò mí dò; re dò mí mí. Sílébù mẹ́rin síbí, mẹ́rin sọ́hùn-ún. Òjò àti Orò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá: "j" àti "r" ló yà wọ́n, àti ohùn àkọ́kọ́. Àmọ́ òjò ń já bọ́, ohùn rẹ̀ náà balẹ̀; Orò ń ké, ohùn rẹ̀ gòkè. Ká ní "Òjò ń rọ̀, ìjì ń jà" ni, gbólóhùn náà dára, ṣùgbọ́n dò dò mí dò lẹ́ẹ̀mejì ni. Ẹnìkan pè, ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Ti gígùn ìlà ńkọ́? Nínú ìjálá, èémí apohùn ni mo fi ń mọ ibi tí ìlà parí sí. Ó lè da ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ sínú èémí kan, kó wá fi mẹ́ta péré tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń ka sílébù níbẹ̀ yóò kà á tì.

Mo ní kí ọmọkùnrin náà pa ẹnu dé, kó kùn ewì rẹ̀. Ó kùn ún dé ìlà kẹfà, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n yá òun ní bírò.