Omi Tó Ń Wá Ọ̀nà: Bí Dáàmù Oníyẹ̀pẹ̀ Kékeré Ṣe Ń Dúró, àti Ohun Tó Ń Wó O

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ní Òkè-Ògùn máa ń gbẹ débi pé ojú ẹsẹ̀ màlúù nìkan ló kù nínú iyanrìn wọn. Omi tó kún bò wọ́n lóṣù kẹsàn-án ti lọ. Dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi ń dá díẹ̀ dúró nínú rẹ̀: wọ́n á mọ ògiri yẹ̀pẹ̀ gbọọrọ dí ojú odò láti ilẹ̀ gíga kan dé èkejì, omi òjò á sì gbárajọ sẹ́yìn rẹ̀ bí adágún. Ẹni tó bá rí i lè rò pé bí omi bá pọ̀ jù, á ti ògiri náà ṣubú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri tó ga ní mítà 5, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 28, wúwo ju ohun tí omi ibẹ̀ lè tì lọ. Ohun tó ń pa á ni omi tó bá rí ọ̀nà gba orí rẹ̀ kọjá, tàbí tó rí ihò gba inú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́, ìṣirò omi ló yẹ kó ṣáájú. Ibi tó dára jù ni ibi tí àfonífojì ti fún, tí ilẹ̀ òkè odò sì tẹ́jú, kí ògiri kúkúrú lè dá omi púpọ̀ dúró. Wọ́n á wọn bí omi yóò ṣe fẹ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bó ṣe máa jìn tó níbẹ̀, àti bó ṣe máa nà sẹ́yìn tó. Wọ́n á sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ pọ̀, wọ́n á sì pín in sí 6. Bó bá fẹ̀ ní mítà 60, tó jìn ní mítà 4, tó nà ní mítà 300, adágún náà gba nǹkan bíi kúbíìkì mítà 12,000, èyí tí í ṣe lítà mílíọ̀nù 12.

Ó dún bí omi rẹpẹtẹ. Àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn àti ọyẹ́ ń fa nǹkan bíi mílímítà 5 lójú adágún lójúmọ́. Ní ọjọ́ 150, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75. Apá òkè adágún ló sì fẹ̀ jù, nítorí náà nǹkan bíi 5,500 nínú kúbíìkì mítà 12,000 yẹn á bá afẹ́fẹ́ lọ láìka èyí tí ẹnikẹ́ni bù. Màlúù kan lè mu lítà 40 lójúmọ́ nínú ooru. Ọgọ́rùn-ún màlúù á mu kúbíìkì mítà 600 láàárín ìgbà yẹn. Omi kan á rin wọlẹ̀, òmíràn á kù sínú ẹrẹ̀ tí kò ṣeé fà. Èyí tó ṣẹ́kù fún oko kò fi bẹ́ẹ̀ ju 4,000 lọ. Hẹ́kítà kan tòmátì tàbí tẹ̀tẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi kúbíìkì mítà 80 lójúmọ́, tí a bá ka èyí tó ń ṣòfò mọ́ ọn. Ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ó di 8,000. Nítorí náà, ìdajì hẹ́kítà ni adágún yìí lè bomi rin, ìyẹn éékà kan àti díẹ̀. Bí wọ́n bá ṣèlérí éékà kọ̀ọ̀kan fún àgbẹ̀ mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni yóò bínú kó tó di oṣù kejì.

Iṣẹ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n á ha ilẹ̀ dúdú òkè kúrò pẹ̀lú gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á gbẹ́ kòtò kan gba àárín ibi tí ògiri máa dúró sí, kọjá iyanrìn, títí tí yóò fi kan amọ̀ líle tàbí àpáta. Amọ̀ tí wọ́n kì dáadáa ni wọ́n á fi dí i padà. Ẹni tó bá fo kòtò yìí torí owó ti kọ́ ògiri sórí asẹ́. Omi á máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ.

Kì í ṣe gbogbo amọ̀ ló dára. Ilẹ̀ tó jẹ́ amọ̀ pátápátá máa ń sán lẹ́ẹ̀rùn. Èyí tí iyanrìn wà nínú rẹ̀ díẹ̀ ló dára jù. Ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí wọ́n ju èèrún amọ̀ gbígbẹ sínú gíláàsì omi mímọ́, kí wọ́n má rò ó. Bó bá wó sílẹ̀ tí omi ṣì mọ́, kò burú. Bí omi bá dà bí omi ògì yí i ká, amọ̀ yẹn máa ń yòrò fúnra rẹ̀, kò yẹ fún dáàmù.

Wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ náà ní ìpele ìpele, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ, wọ́n á sì fi róólà kì í kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Ó gbọ́dọ̀ lọ́rinrin tó bẹ́ẹ̀ tí ìkúùkù kan rẹ̀ á dì mọ́ra láìmú ọwọ́ tutù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí típà da òkìtì gíga jọ, kí katapílà kàn tẹ́ ojú rẹ̀. Inú á rọ̀, òde á le, ọdún kejì ni ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Èyí tí wọ́n kì dáadáa pàápàá ń rì díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún gíga rẹ̀. Orí ògiri máa ń fẹ̀ ní mítà 3. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí omi á dagẹ̀rẹ̀ ní mítà 3 fún mítà kan tó ga, ẹ̀gbẹ́ kejì ní mítà 2.

Ibi tí ọ̀pọ̀ dáàmù ti ń kú nìyí: ọ̀nà àkúnya, ojú ibi tí omi àpọ̀jù ń gbà jáde. Ẹ̀gbẹ́ kan àfonífojì ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí, lórí ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá, kì í ṣe lórí yẹ̀pẹ̀ tí èèyàn kó jọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà kan, ó kéré tán, rẹlẹ̀ sí orí ògiri. Òjò mílímítà 60 ní wákàtí kan kì í ṣe àjèjì. Bí ilẹ̀ tó ń da omi sínú odò bá jẹ́ kìlómítà kan níbùú lóròó, tí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún òjò náà sì ṣàn, kúbíìkì mítà 18,000 ló ń bọ̀, ó ju gbogbo ohun tí adágún gbà lọ. Ìyẹn jẹ́ kúbíìkì mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà àkúnya tó fẹ̀ ní mítà 10 lè gbé 6 kọjá bí omi inú rẹ̀ bá ga dé ìdajì mítà. Bó bá ga dé sẹ̀ǹtímítà 30 péré, kò ní gbé tó 3.

Ẹni tó bá to àpò iyanrìn síbẹ̀ kí omi ẹ̀ẹ̀rùn lè pọ̀ sí i ti gé agbára rẹ̀ sí méjì. Apẹja tó ta àwọ̀n dí i ṣe ohun kan náà, torí ewé àti igi á gbá jọ sí àwọ̀n náà. Ní South Fork, ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi irin dí ọ̀nà àkúnya kí ẹja má bàa lọ, wọ́n sì ti dín gíga ògiri kù kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè gbà á. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1889, omi gba orí rẹ̀, ó ya, ó sì pa èèyàn tó lé ní 2,200 ní Johnstown. Yẹ̀pẹ̀ ò lè gba omi lórí: omi á máa gbẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́ tí kò kọjú sí adágún títí á fi kan èyí tó kọjú sí i.

Ikú kejì kì í pariwo. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ihò òkété, ọ̀nà ikán, gbòǹgbò igi tó ti jẹrà àti ẹ̀gbẹ́ páìpù tó ń gbé omi adágún gba abẹ́ ògiri jáde, tí wọn ò ki yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ni ẹnu ti dáàmù. Koríko tó rọ̀ mọ́lẹ̀ ló yẹ kó bo ògiri, igi kankan ò gbọ́dọ̀ hù níbẹ̀, ì báà ṣe máńgòrò. Kí màlúù má gorí rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí pátákò wọn bá là ni àgbàrá máa ń gbà. Gbogbo dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ ló ń rin díẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí wàhálà bí omi náà bá mọ́ tí kò sì pọ̀ sí i. Bó bá dọ̀tí, yẹ̀pẹ̀ inú ògiri ló ń gbé jáde, ihò sì ń gbòòrò nínú lọ́hùn-ún. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nígbà náà ni pé kí wọ́n fi amọ̀ dí ojú tó ti ń jáde. Ó léwu: omi tí wọ́n dí lẹ́nu á wá ibòmíràn já. Iyanrìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ dà lé e, kí òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e, kí omi lè jáde láìgbé yẹ̀pẹ̀ lọ. Kí wọ́n ṣí páìpù kí adágún lè lọ sílẹ̀. Kí àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò sì kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Páìpù yẹn ló yẹ kó máa gbé omi lọ sí ọpọ́n ìmumi màlúù àti ojú ìpọnmi nísàlẹ̀, kí èèyàn àti ẹran má wọnú adágún. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí dáàmù Òyán ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1983, àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ti di ìṣòro ní àwọn abúlé etí omi rẹ̀, nítorí ìgbín kéékèèké tó ń gbé kòkòrò rẹ̀ fẹ́ràn omi tó dúró àti ewé etídò. Omi tó bá mọ́ lójú ṣì nílò sísè kí wọ́n tó mu ún.

Bó bá di pé kí wọ́n gbẹ adágún fún àtúnṣe, kí wọ́n tú u díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tó ti mu omi yó, omi iwájú rẹ̀ ló ń gbé e ró. Bí ìyẹn bá lọ lójijì, á yọ́ wálẹ̀ sínú adágún.