Pokémon méjì-sí-méjì: kí ló dé tí wọ́n fi ń kó mẹ́fà wá, tí mẹ́rin péré ń jà?

Láti ìgbà tí ìròyìn ti tàn kálẹ̀ pé eré tuntun kan ti Pokémon, àwọn ẹ̀dá inú eré tí a ń kó fi bá ara wa jà, máa wọ orí fóònù, àwọn ọ̀dọ́ Adó-Èkìtì tí kò lówó Nintendo Switch, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe eré náà, kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Wọ́n lọ wo fídíò ìdíje àgbáyé, orí wọn sì dàrú: Pokémon méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, ẹnì kan ní kí tirẹ̀ kàn fara pamọ́, àwọn èrò ìwòran bú sí àtẹ́wọ́. Mo ti kó ìbéèrè wọn jọ. Òmíràn kò gba ju ìlà kan lọ. Òmíràn gba sùúrù.

Ìròyìn wo gan-an ni?

Ní oṣù Kejì ọdún 2025 ni wọ́n kéde Pokémon Champions, eré tó jẹ́ pé ìjà ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, wọ́n sì ní yóò wà lórí Switch àti lórí fóònù. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, tí ìdíje àgbáyé ń lọ ní Anaheim lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n tún ní eré yìí ni wọn yóò fi ṣe ìdíje ti 2026 ní San Francisco. Ohun tó dùn mọ́ àwọn èèyàn ni gbólóhùn “lórí fóònù”. Gbogbo wa la ní fóònù.

Kí ni ìjà méjì-sí-méjì?

Òun ni wọ́n ń jà níbi ìdíje ńlá. Olúkúlùkù kó Pokémon mẹ́fà wá. Ẹ óò rí mẹ́fà ẹnìkejì yín, òun náà á rí tiyín. Ẹ ní àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá láti mú mẹ́rin nínú mẹ́fà. Méjì á kọ́kọ́ jáde, méjì á dúró sẹ́yìn. Gbogbo wọn ni wọ́n máa ń sọ di ipele 50, kí ẹni tó ti ń sin tirẹ̀ láti ọdún mẹ́ta má baà fi agbára lásán tẹ ẹlòmíràn rì. Ẹ kò gbọdọ̀ mú oríṣi kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí ọ̀kan bá mú dání, òmíràn kò gbọdọ̀ mú irú rẹ̀. Idán, ìyẹn ohun tó lè ṣe nínú ìjà, mẹ́rin péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lọ́wọ́. Ẹni tí mẹ́rin rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣubú tán ló fìdí rẹmi.

Níbi ìdíje ńlá òde òní, wọ́n tún máa ń fún yín ní ìwé tí wọ́n kọ idán ẹnìkejì yín sí, àti ohun tí tirẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú dání. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ ná ọjà l'Ọ́jà Ọba, tó sì kọ́kọ́ ka owó àpò rẹ̀ fún ìyá ọlọ́jà. Síbẹ̀ ẹ kò ní mọ èwo nínú mẹ́rin náà ni yóò lò báyìí. Ibẹ̀ gan-an ni eré wà.

Ṣé kì í ṣe kí n kàn ṣa mẹ́fà tó lágbára jù lọ ni?

Rárá o. Ìbéèrè yìí ni mo tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jókòó.

Ẹ ti wo obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan rí? Bí ti ọ̀kan ṣe ń lọ sókè ni ti èkejì ń bọ̀ nílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹnìkan. Bí àwọn méjèèjì bá jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ odó á gbá ara wọn, iyán á lẹ́mọ. Bí ìjà méjì-sí-méjì ṣe rí nìyẹn. Ẹ má bi ara yín pé “báwo ni èyí ṣe lágbára tó?” Ẹ bi ara yín pé “ta ni yóò dúró tì í, kí ni onítọ̀hún yóò máa ṣe bí èyí ṣe ń ṣe tirẹ̀?”

Ẹ wo Incineroar, ológbò ńlá ti ẹ̀yà iná (Pokémon kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀yà tirẹ̀) tí ẹ ó máa rí nínú fídíò títí ẹ ó fi bínú sí i. Kì í ṣe pé ó lè lu èèyàn pa ju àwọn yòókù lọ. Bó ṣe ń wọlé báyìí, ìbẹ̀rù rẹ̀ á dín agbára ìlùkù àwọn méjèèjì tó wà níwájú rẹ̀ kù. Ní ráùndì àkọ́kọ́ tó bá dé orí pápá, ó lè fi Fake Out gbá ọ̀kan lójijì, onítọ̀hún kò ní lè ṣe ohunkóhun ní ráùndì yẹn, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀yà iwin tàbí tó fara pamọ́. Tó bá ṣetán, ó lè lo Parting Shot: á tún dín agbára ẹnìkan kù, á sì gbàyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti ẹ̀yìn. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, ẹni tó dúró tì í ló ń ṣe é fún.

Òdì kejì rẹ̀ ni mo fi ìtìjú kọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti máa ń ṣájì fóònù l'Ádó, ọmọ ilé-ìwé girama kan láti Ìkẹ́rẹ́ jókòó níwájú mi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo ní Garchomp, dírágónì ti ẹ̀yà ilẹ̀, àti Incineroar tó ti jẹ ìyà díẹ̀. Òun ní Talonflame, ẹyẹ tó ń fò, àti Amoonguss tó rí bí olú. Mo wò ó, mo ní ìjà ti parí: mo tẹ Earthquake, ìmìtìtì ilẹ̀. Mo gbàgbé ohun mẹ́ta. Ìmìtìtì ilẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fò. Amoonguss lè fara pamọ́, ó sì fara pamọ́. Ìmìtìtì ilẹ̀ kò sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá, gbogbo ẹni tó bá wà lórí pápá ló ń mì. Incineroar mi nìkan ló kàn, ẹ̀yà iná kò sì fẹ́ràn ilẹ̀ rárá. Èmi ni mo pa ti ara mi. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, ó kàn na ẹ̀pà sí mi.

Ká ní ẹni tó ń fò ni mo fi dúró ti Garchomp ni, idán kan náà ì bá di ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí ẹ tún rántí pé ìlùkù tó bá máa kan ju ẹnìkan lọ máa ń já sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹnìkan yóò fi ní kí tirẹ̀ fara pamọ́, tí wọ́n á sì pàtẹ́wọ́?

Protect ni orúkọ idán yẹn. Bí ẹ bá lò ó, ohun gbogbo tí wọ́n bá jù sí i ní ráùndì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa já sófo. Ẹ sọ pé àwọn méjèèjì tó wà níwájú yín gbìmọ̀ pọ̀ pa ọ̀kan tiyín. Ẹni yẹn fara pamọ́. Wọ́n ti fi ìlùkù àwọn méjèèjì ṣòfò, ẹnìkejì ẹni tó sá pamọ́ sì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi ọ̀kan nínú idán mẹ́rin sílẹ̀ fún un. Ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: ìgbà kejì, ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ìrètí pé yóò ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá yára jù ló máa ń borí?

Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, títí tí ẹnìkan fi máa yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Tailwind jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yín: fún ráùndì mẹ́rin, ìyára ẹgbẹ́ yín á di ìlọ́po méjì. Trick Room ni èyí tí mo fẹ́ràn. Fún ráùndì márùn-ún, ẹni tó lọ́ra jù ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Ráùndì tí ẹ fi gbé e kalẹ̀ wà nínú kíkà àwọn méjèèjì o.

Ìjàpá kan wà tó ń jẹ́ Torkoal. Bí a bá fi nọ́ńbà ka ìyára, 20 ni ìpìlẹ̀ ìyára tirẹ̀, ó sì burú. Bó ṣe ń wọlé ni oòrùn ń ràn gan-an, oòrùn ń fún iná lágbára, ó sì ní idán kan, Eruption, tó ń da iná lé àwọn méjèèjì tó wà níwájú lórí. Bí ara rẹ̀ bá ṣe le tó ni iná náà ṣe le tó. Ní ojoojúmọ́, wọ́n á ti nà án kó tó la ẹnu, iná náà á ti rọ. Nínú Trick Room, ìjàpá ló kọ́kọ́ dé. Àwọn tó dàgbà sínú àlọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń gbé Trick Room kalẹ̀, ẹlòmíràn ní láti bá a ṣe é, ẹ sì rí i pé a tún ti padà sẹ́nu odó.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré kan gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé?

Òótọ́ ni. (Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo wí.) Ọdún 2014, ní Washington, Sejun Park láti South Korea mú Pachirisu wá, ọ̀kẹ́rẹ́ ti ẹ̀yà mànàmáná tí kò sẹ́ni tó kà sí. Ó ní idán Follow Me: ìlùkù tí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ ẹnìkejì rẹ̀, òun ló ń gbà á sára. Wọ́n ń lu ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má gbọ́ ọ bíi pé ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ràn lè borí. Park kò mú un torí pé ó rẹwà. Ó wá ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ kan pàtó, Pachirisu ló rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti mú un lẹ́yìn ìgbà náà, tí wọn kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún un, wọ́n sì ti padà sílé.

Kí ni 252 tí mo máa ń rí?

Nínú Scarlet àti Violet, eré Pokémon méjì ti orí Switch, ẹ ní máàkì 510 láti pín sára ohun mẹ́fà: ìlera, ìlùkù, ààbò, ìlùkù àkànṣe, ààbò àkànṣe àti ìyára. Ẹyọ kan kò lè gbà ju 252 lọ. Àwa tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń da 252 sí ìlùkù, 252 sí ìyára, ó tán. Àwọn àgbà á kọ́kọ́ ṣírò ìlùkù tí wọ́n ń bẹ̀rù, wọ́n á fi ìwọ̀nba tí yóò jẹ́ kí tiwọn yè é sí ìlera àti ààbò. Ìlùkù kan náà sì lè bọ́ sí ibikíbi láàrin 85 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìṣirò yín. Eré mìíràn lè ní ìpín tirẹ̀, ẹ ka òfin èyí tí ẹ bá ń ṣe.

Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ láìní Switch?

Pokémon Showdown, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti ń fi Pokémon jà. Ọ̀fẹ́ ni, inú búráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, kò jẹ dátà púpọ̀. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ Pokémon, ẹgbẹ́ tí ẹ bá sì kọ sínú rẹ̀ á ṣetán láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì tó bára wọn mu, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́fà. Ẹ bèèrè ohun tó lè pa àwọn méjì yẹn, kí ẹ wá méjì tó lè pa ohun náà. Méjì tó kù á wà fún ọjọ́ tí ẹni tí ẹ ò retí bá dé. Ẹ fi wọ́n jà tó ogún ìgbà kí ẹ tó yí ẹnikẹ́ni padà, kí ẹ sì yí ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ìwé jótà kan tí mo ń kọ ráùndì tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ sí. “Ráùndì 2: mo bẹ̀rù” ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹnìkan lórí WhatsApp ń ta Pokémon tó ti pé. Ṣé kí n rà á?

Ẹ má rà á. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi rọ ọ́, kì í ṣe pé ẹnìkan mú un nínú eré. Ní ìdíje àgbáyé 2023 ní Yokohama, Japan, wọ́n yọ àwọn eléré mélòó kan kúrò nítorí irú èyí, àwọn tó ti wọkọ̀ òfurufú débẹ̀. Ẹni tó tà á fún yín kò ní bá yín wọkọ̀.

Wọ́n ní kí n san owó ìforúkọsílẹ̀ fún ìdíje kan l'Ádó.

Ẹ bi wọ́n pé òfin wo ni wọn yóò lò, ibo ni wọn yóò ti ṣe é, ta ni ń mú owó náà dání. Bí wọ́n bá ní ilé-iṣẹ́ Pokémon fọwọ́ sí i, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ náà ní ibi tí wọ́n ń to ìdíje rẹ̀ sí, ẹ wá a níbẹ̀. Bí wọ́n bá ran yín ní fáìlì pé kí ẹ fi eré tuntun náà sórí fóònù láti WhatsApp, ẹ pa á rẹ́.

Tí iná bá lọ láàrin ìjà ńkọ́?

Aago ń lọ. Ẹni tó wà ní Òsákà ní Japan kò mọ ohun tó ń jẹ́ “wọ́n ti mú un”.

Ṣé kò sí ẹ̀mí àìmọ́ nínú rẹ̀?

Ìṣirò ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ mi kì í dáhùn mọ́ tí mo bá pè é wá jẹun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ní sùúrù díẹ̀: ìjà pẹ̀lú èèyàn kò ṣeé dá dúró, ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ ti pàdánù. Ṣùgbọ́n níbi ìdíje, ogún ìṣẹ́jú ni òpin ìjà kan, nítorí náà ẹ má gbà fún ọmọ tó bá ní “ó kù díẹ̀” láti aago mẹ́rin títí di mẹ́fà. Bó bá jẹ́ iyán ló wà nílẹ̀, tó ti fẹ́ tutù, bọ́tìnì kan wà tí wọ́n fi ń gbà pé àwọn ti fìdí rẹmi. Ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́.