Èjìká tó gan: kí ni àtàǹpàkò ń ṣe níbẹ̀ gan-an?

Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń ro ní Òṣogbo kì í pẹ́ rí oníṣègùn. Á dojú bolẹ̀ lórí ẹní, á pe ọmọ ọdún mẹ́fà kan nínú ilé, ọmọ náà á gun un lẹ́yìn, á máa fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. "Ibẹ̀ yẹn! Má kúrò níbẹ̀! Kókó náà nìyẹn." Bí ọmọ ò bá sí nílé, wọ́n á lo àtàǹpàkò, ìgbọ̀nwọ́ tàbí ọmọ odó. Gbogbo rẹ̀ dá lórí ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo: pé nǹkan kan ti ta kókó sínú ẹran ara, àfi kí wọ́n fọ́ ọ.

Kò sí ohun tó ta kókó. Ibi tó le yẹn wà lóòótọ́, ọwọ́ sì lè kàn án, ṣùgbọ́n iṣan lásán ni, iṣan tó fún ara rẹ̀ pọ̀ tó sì kọ̀ tí kò dẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò sí òkúta kankan níbẹ̀ tí ìgbọ̀nwọ́ máa rún. Ẹni tí egungun rẹ̀ ti gbó tilẹ̀ lè fi gìgísẹ̀ ọmọ yẹn ṣèṣe.

Iṣan tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní trapezius. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, ó nà dé èjìká méjèèjì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé àárín ẹ̀yìn. Ó wà lára àwọn tó ń di orí mú kó má ṣubú síwájú, orí àgbàlagbà sì tó nǹkan bíi kílò 5. Ẹ lọ wo ẹni tó ń fi àbẹ́là ya àdìrẹ ní Òṣogbo. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì tí kò ga, àbẹ́là tó ti yọ́ wà nínú agolo lórí sítóòfù, ó ń ti fóòmù tí wọ́n so mọ́ igi bọ̀ ọ́, ó ń yára fà á lórí aṣọ kó tó dì. Kò lè gbójú sókè, torí bí ọwọ́ bá dúró díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àbẹ́là á kán síbi tí kò yẹ. Ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọrùn àti èjìká wà lójú kan fún wákàtí gbáko. Télọ̀ tó tẹ̀ mọ́ máṣíìnì lẹ́bàá Ọjà Ọba ò yàtọ̀, ẹni tó sùn tó ń tẹ fóònù náà ò sì yọ sílẹ̀.

Ìdúró lójú kan yẹn ló ń dá iṣan lágara, ju ẹrù wúwo lọ. Iṣan tó fún ara rẹ̀ pọ̀ láìsinmi ń tẹ àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dé ibẹ̀ á sì dínkù. Ara á fẹjọ́ sùn, ọpọlọ á ní kí iṣan náà máa ṣọ́ ibẹ̀.

Ọlọ́dẹ àdúgbò ni kí ẹ fi wé e. Olè wá lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọlọ́dẹ sẹ́nu géètì. Olè ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún baba náà pé kó máa lọ sílé. Ó ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sójú gbogbo ẹni tó ń kọjá, títí kan onílé tó jáde wá tọ̀ lóru. Bí ẹ bá wá yọ sí i lójijì, tí ẹ fi igi lé e, kí ló máa ṣe? Á fọn fèrè, á ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹnì kan á di mẹ́rin, gbogbo àdúgbò á jí. Ohun tí ìgbọ̀nwọ́ ń dá sílẹ̀ léjìká nìyẹn: bí ìrora bá ti pọ̀ jù, iṣan á tún le sí i, tó bá di ọjọ́ kejì, ibi tó ń ro tẹ́lẹ̀ á ti di ibi tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹni tí ọlọ́dẹ máa gbọ́ tirẹ̀ ni ẹni tó rọra súnmọ́ ọn, tó kí i, tó sì dúró kí ó lè rí ojú òun dáadáa.

Bí ìkíni yẹn, ìyẹn ìfọwọ́kàn jẹ́jẹ́, ṣe ń wọlé ló dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1965, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Ronald Melzack àti Patrick Wall, gbé àbá kan jáde pé ìròyìn ìrora kì í ṣàdédé lọ tààrà sí ọpọlọ. Ẹnu ọ̀nà kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tó lè ṣí, tó sì lè tì. Wọ́n ti tún apá kan nínú àbá náà ṣe láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì dúró. Ohun tó dà bí okùn ló ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ. Okùn tó ń gbé ìròyìn ìfọwọ́kàn nípọn, ìròyìn inú rẹ̀ ń sáré ju mítà 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìrora tó ń ro lábẹ́lẹ̀ kì í sáábà ju mítà 2 lọ. Bí ìfọwọ́kàn bá ti ń wọlé lemọ́lemọ́, àyè tí ìrora ń rí gbà á dínkù. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta mọ èyí láìsí olùkọ́: ọwọ́ rẹ̀ á ti dé ẹsẹ̀, á ti máa fi pa á, kó tó ronú rárá.

Nítorí náà, ẹ̀sọ̀ ni. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì kan tó, àlòkù pàápàá. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fi bọ́ọ̀lù há àárín ògiri àti ibi tó ń ro, kó wà lórí ẹran, kó má bọ́ sórí egungun ẹ̀yìn. Ẹ fara tì í títí tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣì lè máa bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ láìfa ojú ro. Nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ máa mí jáde díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó sún un. Kó má dé ẹ̀gbẹ́ ọrùn tàbí iwájú rẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá wà níbẹ̀.

Ooru náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ yan ìrẹsì gbígbẹ nínú ìkòkò lórí iná kékeré, ẹ dà á sínú ìbọ̀sẹ̀ òwú, ẹ so ó lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ fi kan inú apá yín kó má baà jó yín. Ìṣẹ́jú 15 tó. Aboniki àti Robb ní tiwọn kì í gbé ooru kankan wọ inú iṣan. Menthol inú wọn ń jí ohun tí awọ fi ń mọ òtútù, ara á gbà pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kan náà wà tí awọ fi ń mọ ooru tó ń jóni. Èròjà tó ń mú ata ta ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, David Julius, fi wá a rí, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Ardem Patapoutian sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2021. Ẹ̀tàn ni ìpara wọ̀nyí, ẹ̀tàn tó wúlò. Kí ẹ má ṣáà gbé ìbọ̀sẹ̀ gbígbóná lé ibi tí ẹ ti fi wọ́n pa, ó lè bó yín lára.

Bí ìrora bá ń bá a lọ sí àyà tàbí apá, tí òógùn tútù ń bo èèyàn, tàbí tí ọwọ́ ń kú tàbí tí kò lágbára mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Àléébù gbogbo ohun tí a ti sọ yìí ni pé ìtura wọn kì í pẹ́. Ẹ tún padà sídìí àbẹ́là lọ́la, iṣẹ́ ọlọ́dẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń pẹ́ ni kí iṣan lágbára, kí orí kílò 5 yẹn má baà jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún un mọ́. Lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmákì, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní rọ́bà kan láti fà: ìṣẹ́jú 2 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 10, ìrora ọrùn àti èjìká wọn sì dínkù ju ti àwọn tí wọn ò fà á lọ. Àwọn tó ń fà á fún ìṣẹ́jú 12 ò fi bẹ́ẹ̀ jèrè jù wọ́n lọ. Ìtọ́jú tó gbọ́n jù nìyí, òun náà sì ni kò wu ẹnikẹ́ni, torí kò ní adùn gìgísẹ̀ ọmọ.

Kò sì pọn dandan kí ẹ ra rọ́bà. Fọ́kanáísà tó wà ní ìkóríta yín ní túùbù ọ̀kadà tí kò ṣeé lẹ̀ mọ́. Ẹ ní kó já a lójú kan, kó là á ní tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ àárín rẹ̀, ẹ di etí méjèèjì mú, ẹ na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tó fi dọ́gba pẹ̀lú èjìká, kí ìgbọ̀nwọ́ rọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá le jù, ẹ ní kó tún là á kó tínrín sí i. Ẹ fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó lò ó, torí dúdú ara rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ.